Òwú Funfun Tó Ń Dẹ̀ Lọ́wọ́ Òsì Mi

Bí ẹ bá ti jókòó níwájú dókítà rí, tó rọra fa àga rẹ̀ sún mọ́ yín kó tó la ẹnu, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Mi ò kì í ṣe onímọ̀ ìṣègùn. Ìwé girama ni mo kà mọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju oògùn rẹ̀ nù, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gba oògùn tí wọn ò fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìkan ni mo mọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra, àti ibi tí ẹ̀rù ti bà mí, àti ibi tó ṣì ń bà mí.

Orúkọ mi ni Fọlákẹ́. Springdale, lẹ́bàá Toronto ní Kánádà, ni èmi àti Dàpọ̀, ọkọ mi, ń gbé pẹ̀lú Tómi, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó wà ní yunifásítì. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Malton, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú, ni mo ti ń di ẹrù. Kí àìsàn yìí tó dé, mi ò sùn sí ọsibítù rí àfi ìgbà tí mo bí Tómi.

Inú ìhun wúlù ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, àwa obìnrin bíi mélòó kan máa ń jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a máa ń hun fìlà òtútù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ẹni tó bá ti balẹ̀ sí Toronto ní àárín wíńtà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà tí wọ́n ní ó máa tó fún òtútù mọ ìdí tá a fi ń ṣe é. Àǹtí Rónkẹ́ ló ń kọ́ wa. Ìgbà ìjọba ológun ni wọ́n ti kúrò nílé. Wọ́n fi iṣẹ́ aṣọ rírán tọ́ ọmọ mẹ́ta níbí, wọ́n sì ti ń sinmi ní Markham báyìí, ṣùgbọ́n Sunday kan kì í gorí kan kí wọ́n má dé ọ̀dọ̀ wa.

Fìlà aláwọ̀ méjì ni wọ́n ń kọ́ wa. Ẹ ó mú òwú pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó mú funfun lọ́wọ́ òsì, ẹ ó sì máa hun méjèèjì yí po bí àwòrán bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é. Àwọ̀ tí kò bá tíì kàn á máa gba ẹ̀yìn kọjá títí tá a fi máa pè é. Bí ẹ bá fa òwú ẹ̀yìn yẹn jù, fìlà á há, kò ní wọ orí. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, ojú ìhun á wú síwájú. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Rónkẹ́ kì í fi í wo iwájú fìlà ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti gbé e fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta.

“Iwájú ò kàn mí,” ni wọ́n máa ń wí. “Ẹ jẹ́ n rí ẹ̀yìn.”

Mi ò kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí wúlù. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti mọ̀ ọ́n hun, nígbà tí Mọ̀ọ́mi fi ọwọ́ ara wọn yan igi ìgbálẹ̀ tó le, tí wọ́n fá a dán kí n lè fi ṣe abẹ́rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ fìlà kan fún Tómi, ẹyẹ kéékèèké funfun lórí pupa, mo rò pé mi ò ní pẹ́ parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ náà ò dáa. Pupa ń jókòó jẹ́ẹ́, funfun ń wú. Mo tú u, mo tún un hun. Bákan náà ló rí.

Àǹtí Rónkẹ́ yí i wò. “Fọlákẹ́, ẹyẹ kí lèyí? Ó jọ tòlótòló tó ń dúró de Kérésì.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìka gbé òwú funfun tó gba ẹ̀yìn kọjá, ó dẹ̀ bí okùn aṣọ tí wọn ò so dáadáa.

“Ọwọ́ òsì ẹ ń sùn,” ni wọ́n wí. “Iṣẹ́ ẹrù yẹn ti tán an lókun. Fi í sílẹ̀. Kó òwú méjèèjì sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lórí ìka ìfábẹ̀lá, ọ̀kan lórí ìka àárín. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí oríkèé bá ń ro mí.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ nira, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ́ mi lára, àwọn ẹyẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáa. Inú mi dùn. Mo gbé e kiri fi han èèyàn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Ọwọ́ kan ń kú lọ lára mi, mo wá ọ̀nà tí mi ò fi ní nílò rẹ̀ mọ́, mo sì pe ọ̀nà yẹn ní ọgbọ́n. Ìgbà tí mo ronú padà sẹ́yìn ni mo rí i pé kì í ṣe ìdí wúlù nìkan. Mo ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan de bọ́tìnnì. Ife tíì ti kúrò lápá òsì tábìlì, ó ti wà lápá ọ̀tún, mi ò sì mọ ọjọ́ tí mo gbé e. Níbi iṣẹ́, mo ti ní kí wọ́n yí tábìlì mi padà kí ẹrù lè máa ti apá kejì wá. Orí ń fọ́ mi láàárọ̀, mo ń lo oògùn orí fífọ́, ó ń lọ. Mo tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń rí sí ìdílé wa láàárín ìgbà yẹn, ó wọn ìfúnpá mi, ó bi mí bóyá nǹkan mìíràn wà. Mo ní kò sí. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti yanjú.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí Malton láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọwọ́ náà ti sọ tẹnu rẹ̀. Fìlà Tómi wà lórí itan mi. Ṣàdédé ni ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, abẹ́rẹ́ sì ń kọ lu fúláàsì oúnjẹ mi, kọ́, kọ́, kọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí, ó rò pé òun ni mò ń pè. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì mú, kò gbọ́. Ó gun ọrùn mi, ó dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi, ó wá dákẹ́. Ọwọ́ náà sùn sórí fìlà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, mo pe ọkọ mi.

“Bàbá Tómi, ọwọ́ mi jó.”

“Ó jó báwo?”

“Ó jó. Èmi ò jó.”

“Dúró síbẹ̀,” ló wí. “Má wọ bọ́ọ̀sì kankan.” Ó dé pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn, kò tiẹ̀ rántí bọ́ ọ.

Ní ẹ̀ka pàjáwìrì, èrò kún bámúbámú. Ọmọdé ń sunkún, bàbá arúgbó kan ń sùn lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ láìsí ohùn. A jókòó títí ìdí fi ń ro wá. Tómi ti ilé ìwé dé bá wa níbẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan pè mí, ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n di ojú. Mo nà wọ́n, mo di ojú, mo rò pé mo ń ṣe dáadáa. Nígbà tó ní kí n la ojú, ọwọ́ òsì mi ti wà nílẹ̀ lórí itan mi. Mi ò mọ ìgbà tó lọ. Tómi rí i. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà yẹn, wọn ò jẹ́ kí n tò mọ́. Bí wọ́n ṣe ń yára ṣe mí yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìjókòó tá a ti jókòó lọ.

Wọ́n ya àwòrán inú orí mi. Dókítà tó wá bá wa jẹ́ obìnrin, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní kókó kan ń dàgbà lábẹ́ egungun orí mi lápá ọ̀tún, ó sì ń tẹ ibi tó ń pàṣẹ fún ọwọ́ òsì. Ó ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó jọ irú èyí tí kì í sábà ràn kiri ara, àmọ́ àfi tí wọ́n bá yọ ọ́ ni wọ́n máa tó mọ̀ dájú. Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í. “Ẹ fẹ́ ṣí orí mi?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n fún mi ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tún fò, wọ́n gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi kí n má bàa wakọ̀, wọ́n ní kí n lọ sílé lọ múra. Ọ̀rọ̀ dé ilé ṣáájú mi. Bọ̀ọ̀dá Wálé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, pè láti Ìbàdàn.

“Ọwọ́ ló ń ṣe ọ́, orí ni wọ́n fẹ́ là?” ni wọ́n wí. “Ṣé agolo mílíìkì ni orí ẹ ni? Fọlákẹ́, gbọ́ mi. Màmá kan wà ní Ìkirè, wọ́n wo ọ̀rẹ́ mi sàn, abẹ ò kàn án. Wá sílé.”

Kí n tó fèsì, wọ́n ti fi oògùn ìbílẹ̀ kan rán ẹni tó ń bọ̀ níbí. Ó dé nínú agolo tíì, etu dúdú, òórùn rẹ̀ gba ilé ìdáná wa kan. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó wù mí láti mu ún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ayùn ṣí orí rẹ̀ á mu ohunkóhun. Dàpọ̀ náà ní, “Ká fún ti Bọ̀ọ̀dá láyè díẹ̀ ná. Abẹ ò ní sá lọ.” Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n má dárúkọ àìsàn náà, kí n má gbà á. Èèyàn rere ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà ni.

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kí n bi ẹni tó ń ta oògùn kí n tó mu nǹkan mìíràn mọ́ tèmi. Mo gbé agolo náà lọ. Ọkùnrin náà ò fi mí ṣẹ̀sín. Ó bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

“Ewé ni,” ni wọ́n wí.

“Ewé wo, Bọ̀ọ̀dá?”

“Ewé tó ń ṣiṣẹ́.”

Mo gbé agolo náà padà sílé, mo gbé e sórí fíríìjì. Mi ò mu ún, mi ò sì jù ú nù. Ó wà lókè níbẹ̀, ìwé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì kan náà, mi ò lè mú ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbé fóònù láti ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Tómi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó mú un dání.

Mọ̀ọ́mi ló wá parí iyèméjì náà. Wọ́n pè mí lórí fídíò láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ kàn ń rẹ̀ mí ni, pé mo ṣì ń hun wúlù mi.

“Gbé wúlù ọ̀hún,” ni wọ́n wí. “Hun ún kí n rí i.”

Mo fẹ́ kó òwú méjèèjì sọ́wọ́ ọ̀tún.

“Rárá o. Bí mo ṣe kọ́ ọ.”

Mo fi òwú funfun sọ́wọ́ òsì. Abẹ́rẹ́ já bọ́. Mo gbé e, ó tún já bọ́. Mo gbìyànjú títí òwú fi so kọ́ra, tí mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

“Fi sílẹ̀,” ni wọ́n wá wí. “Kí wọ́n yọ ọ́. Ta ló máa ṣe é?”

“Obìnrin kan ni, Mọ̀ọ́mi.”

“Ṣé ó ti bímọ?”

“Mi ò bi í.”

“Bi í. Nǹkan kan sì tún kù. Irun tí wọ́n bá fá, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n má gbá a mọ́ pàǹtí.”

Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí sí irun orí, pé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi sílẹ̀ fún àjèjì. Mo ní wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín níbí.

“Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà á.”

Mo bẹ Tómi pé kó bá mi sọ ọ́ fún dókítà ní èdè òyìnbó tó já gaara. Ó ní “Mummy, no,” ó sì yíjú sí fèrèsé. Mo sọ ọ́ fúnra mi. Dókítà náà gbọ́ mi tán, ó ní tẹ́ẹ́rẹ́ lòun máa fá, kì í ṣe gbogbo orí, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì wá àpò kékeré kan kó kọ orúkọ mi sí i. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í ní ìbéèrè Mọ̀ọ́mi. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní ọkùnrin méjì ni, àti pé wọn ò jẹ́ kóun sùn.

Nígbà tí mo sọ fún Mọ̀ọ́mi, wọ́n ní, “Ó dáa. Ó mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan ni ọ́.”

Bọ̀ọ̀dá Wálé ò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ Dàpọ̀ ni irun náà máa wà, ohùn wọn rọ̀. “Kó má bọ́ lọ́wọ́ ẹ o,” ni wọ́n sọ fún un. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé gbogbo ariwo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀rù pé èmi àbúrò wọn máa sọnù sáàárín àwọn tí kò mọ̀ mí ni. Wọn ò dárúkọ Ìkirè mọ́.

Mi ò ní púpọ̀ sọ nípa iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n tì mí kọjá lábẹ́ iná lẹ́yìn iná, mo ń ka Sáàmù, mi ò parí rẹ̀. Nígbà tí mo jí, Tómi wà lókè orí mi. Ó ní kí n fún òun lọ́wọ́. Mo fún un.

“The other one, Mummy.”

Èkejì ò mira.

Dókítà ní ara ló wú, pé ó lè padà, pé kò sì dá òun lójú bó ṣe máa padà tó. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ náà lórí aṣọ ibùsùn. Mo rò ó pé bóyá Bọ̀ọ̀dá ló tọ̀nà. Wọ́n ń pè lójoojúmọ́, wọ́n á béèrè àlàáfíà, wọ́n á dákẹ́. Wọn ò sọ pé, “Mo ti sọ fún ọ.” Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà ni èyí tó tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń kọ́ ọwọ́ mi níṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù bi mí ohun tí mo máa ń fi ọwọ́ ṣe nílé. Mo ní mo ń hun fìlà. Ó ní kí wọ́n gbé e wá.

Àǹtí Rónkẹ́ ló gbé e wá. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta bí ìṣe wọn, wọ́n wá dúró bẹ́ẹ̀, wọn ò jókòó.

“Èmi ni mo ní kó o gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún.”

“Àǹtí, ẹ ò mọ̀.”

“Mi ò mọ̀ lóòótọ́. Mi ò sì bi ọ́ pé kí ló dé.” Wọ́n nu ojú. Wọ́n wá ti abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n fi òwú funfun yí ìka òsì mi po. “Ó yá, dá a padà síbi tó wà.”

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹyẹ kan ò pé. Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mo hun, wọ́n ní, “Ẹyẹ yìí ṣàìsàn jù ọ́ lọ.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti fá mi lórí.

Èsì dé. Irú èyí tí kì í ràn ni. Ṣùgbọ́n wọn ò lè yọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ so mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kan. Wọ́n á máa ya àwòrán orí mi lọ́dọọdún, láti wo díẹ̀ tó kù yẹn.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo ti padà síbi iṣẹ́, kì í ṣe nídìí ẹrù mọ́. Ọsibítù ò gba owó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ wa, àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni àìsàn. Oògùn wà, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, iṣẹ́ tí mi ò lè ṣe wà, Dàpọ̀ sì ń ṣe àfikún iṣẹ́ títí ojú rẹ̀ fi jìn. Bí òtútù bá mú, ọwọ́ òsì mi máa ń lọ́ra. Ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ mọ́ mi lẹ́nu nígbà mìíràn. Irun tí wọ́n fá ti hù padà, ó hù ní funfun. Àpò kékeré náà wà lọ́dọ̀ Mọ̀ọ́mi. Dàpọ̀ fi rán ẹni tó ń lọ sílé.

Ohun tí mo lè sọ fún yín kò pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti yí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe nǹkan padà kí ara lè gbà á, ẹ sọ fún dókítà, kódà bó bá ti yanjú lójú yín. Bí ẹ bá fẹ́ mu àgbo, ẹ má fi pa mọ́ fún àwọn tó fún yín lóògùn. Bí nǹkan kan bá sì wà tó máa fi ọkàn yín balẹ̀ kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀ fún abẹ, ẹ béèrè fún un, bó ti wù kó kéré tó.

Tómi ò jẹ́ kí n tú fìlà náà. Ó ń dé e lọ sílé ìwé. Ẹyẹ tó wú wà nísàlẹ̀, èyí tó dáa wà láàárín, èyí tó wọ́ wà lókè níbi tí orí ti pàdé. Bí wọ́n bá bi í, ó ní ìyá òun ló hun ún, kì í ṣàlàyé.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ àwòrán orí mi bá ti ń sún mọ́lé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ fìlà tuntun, pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, funfun lọ́wọ́ òsì. Mo lè wo iwájú rẹ̀. Mi ò lè yí i wo ẹ̀yìn, àyà mi kì í gbà á. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni tọdún yìí. Lánàá, mo gbé èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún Tómi lórí àga, mo ní kó bá mi yí i wò. Gbogbo ohun tí mo bá bá ọmọ yìí sọ ní Yorùbá, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré. Ó yí inú fìlà síta, ó fi ìka gbé àwọn òwú funfun lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná, kò kánjú.

“Kò dẹ̀, Mọ́mì,” ló fi Yorùbá dá mi lóhùn.

Mo ní kó tún un wò. Ó tún un wò.